Awò Kékeré Tí Kendra Fi Gba Ìwé Ìwakọ̀

Denzil ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́ rẹ, mo kí gbogbo ẹni tí ẹ jọ ń gbé inú ilé alájà mẹ́fà yẹn ní Cincinnati, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹ̀rọ tó ń gbé yín gòkè dá yín dúró sí àárín méjì. Bí o bá ń ro tiwa, ara wa le, ẹ̀yìn mi nìkan ló máa ń fà mí bí òjò bá fẹ́ rọ̀, ìyá rẹ sì ní ariwo mi pọ̀ ju òjò náà lọ. Adìẹ márùn-ún ló ń yé ẹyin, ìkẹfà ń jẹun lásán. Ìròyìn ilé nìyẹn. Èyí tí mo torí rẹ̀ mú bírò ló kàn yìí, má ṣe kà á lórí ìdúró.

Kendra àbúrò rẹ ti ń wakọ̀. Òun fúnra rẹ̀, ọwọ́ méjèèjì lórí sítíárìn, èmi ni mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí olóyè. Orí mi wú débi pé mo ti sọ fún gbogbo ẹni tó wà nílé ìtajà oúnjẹ ẹran ọ̀sìn, mo sì tún un sọ fún àwọn kan lẹ́ẹ̀mejì.

Ìwọ náà mọ bí ojú rẹ̀ ṣe rí láti ọmọ ọdún mẹ́wàá, ẹ̀gbẹ́ ń ríran dáadáa, àárín gan-an ló ṣú, bó bá wò ọ́ tààrà kò ní rí imú rẹ, ṣùgbọ́n yóò rí ológbò tó ń yọ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà òtútù tó kọjá ló ríṣẹ́, iṣẹ́ títọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn káàkiri àfonífojì wa yìí, àwọn tó gbà á sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, àmọ́ wọ́n ní bí kò bá ní ìwé ìwakọ̀ títí di ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà, àwọn á gba ẹlòmíràn. Kendra ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, òun á kó wá bá ọ ní ìlú ńlá níbi tí bọ́ọ̀sì wà. Láti ọjọ́ náà ni ìyá rẹ ti ń sunkún sínú ẹ̀wà tó ń sè, nítorí ọmọ kan ṣoṣo tó kù sí wa lọ́wọ́ nìyẹn, èmi náà ò sì lè sùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ń díbọ́n.

Dókítà ojú tó wà nítòsí ní kó gbàgbé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ní tirẹ̀. Mo ní à á ti ṣe gbàgbé? Mo gbé ìwé nọ́ńbà fóònù, mo pe dókítà ojú mẹ́rìnlá, gbogbo wọn ló ní kí n wá ra jígí ojú kan kí n gba ìkejì lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ní kì í ṣe jígí là ń wá, dókítà tó mọ̀ nípa ojú tó kù díẹ̀ káàtó là ń wá. Ọ̀kan nínú wọn ní kí n dúró díẹ̀, ni wọ́n bá ń kọrin sí mi létí, mo rò pé wọ́n fi ń ṣe mí lálejò ni, mo jókòó gbọ́ ọ títí oúnjẹ mi fi tutù, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn kí n tó gbé fóònù kalẹ̀.

Ìyá rẹ ló padà rí i. Ilé epo la wà, ọkùnrin kan bọ́ sílẹ̀ nínú píkọ́ọ̀pù, nǹkan kékeré kan bí ìdérí bírò lẹ̀ mọ́ òkè jígí ojú rẹ̀. O mọ Wanda ìyá rẹ, ojú kì í tì í láti bèèrè ọ̀rọ̀. Ó tẹ̀ lé ọkùnrin náà dé ibi tí wọ́n ń ta yìnyín, ó bi í pé kí ló wà lójú rẹ̀ yẹn. Ọkùnrin náà ní ohun tí òun fi ń wakọ̀ ni, mà, pé ojú òun kò dá tó, àti pé dókítà kan wà ní Lexington tí kò níṣẹ́ méjì ju irú ojú bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kọ orúkọ dókítà náà sẹ́yìn tíkẹ́ẹ̀tì lọ́tìrì tí kò jẹ. Mo ní ẹni bá ní tíkẹ́ẹ̀tì yẹn ò jẹ, irọ́ ló ń pa.

Bí a ṣe fẹ́ lọ, mo yọ awò orí ìbọn mi, èyí tí mo fi ń rí àgbọ̀nrín lórí òkè kejì, mo dì í sínú ìbọ̀sẹ̀ mímọ́, mo ní bó bá jẹ́ pé awò tó ń fa ohun tó jìnnà sún mọ́ni ni wọ́n fẹ́ fi sí ọmọ lójú, kí la tún ń ra òmíràn sí? Obìnrin inú fóònù ló fi ọ̀nà hàn wá. Obìnrin náà ní sùúrù o, mi ò tíì mọ ibi tó jókòó sí tó fi ń rí wa. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá sọ ni mo ń dá a lóhùn pé ẹ ṣeun mà. Nígbà tí mo ṣìnà lẹ́ẹ̀kẹta mo bẹ̀ ẹ́ kó má bínú, kò dá mi lóhùn, ó kàn ní kí n yí padà. Nígbà tí a débẹ̀, wọ́n fún wa ní fọ́ọ̀mù, ó bèèrè pé ta ni kí wọ́n pè bí ọ̀ràn pàjáwìrì bá ṣẹlẹ̀, mo kọ panápaná sí i. Kendra ní kí n pa á rẹ́, mo ní èwo ló burú níbẹ̀?

Dókítà Ansley ni dókítà náà ń jẹ́, obìnrin ni, kò ga, ohùn rẹ̀ sì tutù. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba awò ìbọn mi, ó fi wo ojú fèrèsé, ó ní awò gidi ni, bàbá, imú ọmọ yín nìkan ni kò ní lè gbé e. Kò fi mí ṣẹ̀sín rárá, mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn. Ó ní kí Kendra ka lẹ́tà ara ògiri, ogún nínú igba ló gbà, mo fẹ́ sunkún. Ó wá fi awò kékeré sí òkè jígí rẹ̀, ó ní kó tún un kà, ogún nínú ogójì! Mo ní ìdajì nìyẹn, ìdajì ni wọ́n fi ń yege nígbà tèmi. Àwọn méjèèjì wo ara wọn, wọn ò fẹ́ yin ọmọ jù lójú bàbá rẹ̀ ni.

Ohun tó ń já mi láyà ni pé ṣé inú ihò kékeré yẹn ni yóò máa wò lọ títí. Dókítà ní rárá o, abẹ́ awò ni yóò máa gbà wo ọ̀nà bí gbogbo èèyàn, àmọ́ bó bá fẹ́ mọ àwọ̀ iná tàbí ohun tí ọkọ̀ iwájú fẹ́ ṣe, yóò tẹrí ba fẹ́ẹ́rẹ́ kí awò lè bọ́ sójú, yóò wò ó fìrí, yóò gbé orí padà. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, Kendra ń fi orí ṣọ́ ojú. Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi kọ́ ọ lọ́dọ̀ olùkọ́ kan tí dókítà rán wa sí. Nínú ilé pàápàá ó ń tẹrí ba fún aago, fún fìríìjì, fún èmi, ìyá rẹ ní ilé wa kò tíì ní ọ̀wọ̀ tó báyìí rí.

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ló ṣe ìdánwò, ó ku ọjọ́ mẹ́rin péré. Ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ kan tí kì í ṣe ará ìhín ló jókòó tì í, ó lejú koko. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú kóòtù níbi tí wọ́n ti gbéra, ibẹ̀ ni mo ti ń rí oríta. Ìwọ náà mọ àṣà wa, kò sí ẹni tí yóò pàdé ẹlòmíràn lọ́nà tí kò ní yọ ìka kan sókè lórí sítíárìn tàbí kó mi orí, bí o ò bá ṣe é, wọ́n á bèèrè pé ta ló kú nílé yín. Kendra wá ń bọ̀, ó ń tẹrí ba wo iná, ó ń tẹrí ba wo àmì ojú ọ̀nà, gbogbo ẹni tó wà lọ́nà rò pé àwọn ló ń kí, ni wọ́n bá ń juwọ́ sí i lọ́tùn-ún lósì. Lẹ́yìn náà ni ọlọ́pàá yẹn bi mí pé ṣé ọmọ náà ń du ipò ni.

Bó ṣe dé oríta, ta ni mo rí tó ń ti apá kejì bọ̀ bí kò ṣe Elzie Turnbow. Ọdún mọ́kànlá ni mi ò fi kí Elzie, láti ìgbà tó sún wáyà ààlà wa ní ìṣísẹ̀ méjì nígbà tí mo wà lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn. Bí mo bá pàdé ọkọ̀ rẹ̀, dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ni mo máa ń wò. Elzie ló kọ́kọ́ dé oríta, òun ló lẹ́tọ̀ọ́ láti kọjá. Mo ní ó tán, ọkùnrin yìí á ṣe ohun tí wọn yóò fi já ọmọ mi kulẹ̀. Mo rí Kendra tó tẹrí ba, ó gbé e sókè, ó tún tẹ̀ ẹ́ ba. Elzie ò kúrò lójú kan. Ó ṣí akẹtẹ̀ rẹ̀, ó fi ṣe àmì pé kó máa lọ. Kendra kọjá wẹ́rẹ́. Nígbà tí wọ́n padà dé, ọlọ́pàá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó yege, mo sì gbá ọlọ́pàá náà mọ́ra, kò fẹ́ ẹ, ó gbà á bẹ́ẹ̀.

Ní Sátidé, Elzie wá sílé. Ó dúró sísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó gbé ìgò oyin tó fi omi pòròpórò ọkà bàbà sè fúnra rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní, "Delmer, ọmọ rẹ kí mi. Lójú ọlọ́pàá, ọmọ rẹ tẹrí ba fún mi. Wáyà yẹn, bó bá di Mọ́ńdè, ká jọ lọ wò ó." Mo fẹ́ la ẹnu sọ fún un pé awò ni, ìyá rẹ tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tó lọ, mo bú sẹ́rìn-ín, mo pe Kendra, mo ní wo òmùgọ̀ àgbàlagbà tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ awò ojú.

Àbúrò rẹ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Dádì, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tẹrí ba. Èkíní, mo fi wò ó bóyá ó fẹ́ yà. Ìgbà tí mo rí i pé àwọn Bọ̀ọ̀dá Elzie ni, mo tún un ṣe. Ìkejì yẹn, mo kí wọn ni."

Denzil, bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́, mo mọ òwe yẹn kí wọ́n tó bí ọmọ náà, èmi tí mo ń rí àgbọ̀nrín lórí òkè kejì. Ojú tì mí, inú mi sì dùn, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù. Ní Mọ́ńdè, bí mo ṣe ń lọ síbi wáyà, mo pàdé Elzie lọ́nà, mo yọ ìka kan. Ó yọ méjì.

Kendra ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, arúgbó mẹ́fà ló ń bẹ̀ wò lójúmọ́, ìyá rẹ ti ń se ẹ̀wà láìfi omijé sí i. Ohun tí mo ń fẹ́ lọ́wọ́ rẹ ni owó epo díẹ̀ fún un títí wọn yóò fi sanwó oṣù àkọ́kọ́. Jọ̀wọ́, má fi í ránṣẹ́ sínú fóònù mọ́. Lọ́jọ́sí, fóònù ní owó rẹ ti wọlé, mo tú ẹ̀yìn rẹ̀ palẹ̀, bátìrì nìkan ni mo bá níbẹ̀. Inú àpò ìwé ni kó o fi í sí. Bí o bá sì ń bọ̀ wálé, má bẹ ẹnikẹ́ni ní ọkọ̀, sọ àkókò tí bọ́ọ̀sì rẹ máa dé, ẹni tó máa wá gbé ọ ti wà.

Kí Ọlọ́run fi ẹni rere pàdé rẹ ní gbogbo oríta. Kó o má ṣubú, kí ọwọ́ rẹ má dilẹ̀, lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ kọjá, kí wọ́n ṣí ọ̀nà fún ọ.

Èmi ni bàbá rẹ, Delmer Sizemore,
bàbá awakọ̀.