Ajókòósílẹ̀: Ìyá Tó Fi Ojú Ọmọdé Wo Ilé

Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ọdún 1947 ni a bí ìyá wa, nínú iyàrá méjì kan lẹ́yìn ilé ìgbẹ̀bí. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni bàbá wọn, aránṣọ ni ìyá wọn. Àwọn ni àkọ́bí nínú ọmọbìnrin márùn-ún. Ẹ̀yìn wọn ni àwọn mẹ́rin yòókù sùn dàgbà.

Wọ́n jáde ilé ẹ̀kọ́ girama ní 1965, wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì ní 1969. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní 1971. Ọkọ wọn ń tún aago ṣe, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìyá máa ń ní èyí tí àwọn ń sọ ti tó ẹni méjì.

Ní 1978, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìjọba. Bí ẹnikẹ́ni bá fi ẹ̀sùn kan obìnrin tó ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ nínú ilé rẹ̀, àwọn ni wọ́n ń rán lọ wádìí. Orí àga ni àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń jókòó sí láti béèrè ọ̀rọ̀. Ìyá á bọ́ bàtà, wọ́n á jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí ìṣó tó yọrí lábẹ́ tábìlì, àti wáyà tó bó. Wọ́n á ní, "Ìròyìn ò tó àfojúbà." Bí orúkọ Ajókòósílẹ̀ ṣe mọ́ wọn lára nìyẹn.

Ní 1986, alágbàfọ̀ kan kọ̀wé sí ìjọba nípa obìnrin tí wọ́n jọ pín ògiri, tí àdúgbò ń pè ní Màmá Wẹẹrẹ. Ọmọ mẹ́sàn-án ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Alágbàfọ̀ ní wọ́n ń sùn jù, pé oògùn oorun ló ń fún wọn. Àwọn òbí gbà á gbọ́. Ìwé tí wọn yóò fi ti ilé náà pa ti wà nílẹ̀. Ìbuwọ́lù ìyá ló kù. Lẹ́yìn rẹ̀, ọlọ́pàá ló kàn.

Màmá Wẹẹrẹ ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ tú ilé. Bí ẹ bá rí oògùn, kí ẹ fún mi mu."

Ìyá ní, "Mi ò tú ilé. Ẹ fún mi ní ẹní."

Wọ́n jókòó láti aago mẹ́jọ àárọ̀. Òtútù mú, fèrèsé wà ní títì. Omi lásán, wọn ò mu níbẹ̀. Nígbà tó di aago mẹ́wàá, orí ń fọ́ wọn. Nígbà tó di mọ́kànlá, àwọn ọmọ tí kì í sùn lọ́sàn-án ń tòògbé. Màmá Wẹẹrẹ, lórí àga lẹ́nu ọ̀nà, lajú kedere. Ìyá fọwọ́ tọ́ ìsàlẹ̀ ògiri. Ihò kan wà lẹ́yìn ẹní, kò ju ẹnu ife lọ, ooru sì ń ti ibẹ̀ wá. Ẹ̀rọ tí alágbàfọ̀ fi ń se omi ló wà lódìkejì. Páìpù èéfín rẹ̀ ti já. Nọ́ọ̀sì ni ìyá. Wọ́n mọ èéfín tí kì í rùn, tí ojú kì í rí, tó ń kun ènìyàn lóorun títí yóò fi pa á.

"Ẹ ṣí fèrèsé! Ẹ gbé wọn jáde!"

Ọmọ mẹ́sàn-án ló jáde. Mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló yè.

Alágbàfọ̀ ní, "Mo ṣáà sọ pé wọ́n ń sùn jù."

Ìyá ní, "Òótọ́ lẹ sọ, bàbá. Ilé yín ni oorun náà ti ń wá."

Ìyá ò bu ọwọ́ lu ìwé náà. Wọ́n ní kí alágbàfọ̀ dí ihò, kó sì tún páìpù ṣe.

Wọ́n fẹ̀yìn tì ní 2002. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké nínú ìjọ, ilẹ̀ náà ni wọ́n sì ń jókòó sí. Ní 2019, orúnkún wọn kọ̀. Ìyẹn nìkan ni a gbọ́ tí wọ́n ráhùn sí.

Nínú àìsàn ìkẹyìn, Màmá Wẹẹrẹ, tí òun náà ti darúgbó, wá dúró tì wọ́n. A gbé àga fún un, ó kọ̀. Ilẹ̀ ló jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, fún ọjọ́ mẹ́rìnlá. Láràárọ̀, kó tó kí ẹnikẹ́ni, fèrèsé ló kọ́kọ́ ń ṣí.

Ìyá fi ayé sílẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹfà ọdún 2024. Ọkọ wọn gbẹ̀yìn wọn, pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta, ọmọ-ọmọ mẹ́jọ, àbúrò méjì, àti Màmá Wẹẹrẹ.

Ẹ sùn re, ìyá. Fèrèsé wà ní ṣíṣí.