Òpó Iwájú Ìjókòó Kẹta: Ìgbésí Ayé Olóògbé Fọláyọ̀ Àbẹ̀kẹ́ Akínmọ́ládùn (1956–2024)

Ìkọ̀lé-Èkìtì ni wọ́n bí Màmá sí, ní oṣù kẹjọ ọdún 1956. Olóògbé Samuel Fálúyì, gbẹ́nàgbẹ́nà, ni bàbá wọn. Olóògbé Dèbórà Fálúyì, tó ń hun kíjìpá, ni ìyá wọn. Nínú ọmọ márùn-ún, àwọn nìkan ni obìnrin. Ìyá bàbá wọn ló sọ wọ́n ní Àbẹ̀kẹ́. Wọ́n kẹ́ wọn, ìkẹ́ náà kò sì bà wọ́n jẹ́.

Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọ ní Ìkọ̀lé ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ti jáde níbẹ̀, ìsọ̀ bàbá wọn ni wọ́n ń gbà lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ pé pákó tí a bá ti gé kúrú, kò sí àdúrà tó lè mú un gùn. Ní 1975 wọ́n wọ Yaba Tẹ́ẹ̀kì láti kọ́ nípa ilé kíkọ́. Obìnrin méjì péré ló wà ní kíláàsì wọn. Èkejì lọ ṣiṣẹ́ ní báǹkì. Màmá dúró.

Ní 1982 wọ́n fẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Joseph Akínmọ́ládùn, ọmọ Ondó, olùkọ́ ìṣirò ní Agége. Ọgbà ni wọ́n fi ṣe ibùgbé.

Iṣẹ́ Màmá ni dídarí ilé kíkọ́, láti orí àwòrán títí di ọjọ́ tí onílé yóò gba kọ́kọ́rọ́. Wọn a ka àwòrán, wọn a bá agbaṣẹ́ṣe kọ àdéhùn, wọn a sì dúró ti iṣẹ́ náà nínú òjò àti nínú oòrùn. Láàrin Ìkẹjà àti Agége, iléeṣẹ́ tó gba ọwọ́ wọn kọjá kò kéré: ilé tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì, ilé tí wọ́n ti ń ṣe ike, ilé ìkẹ́rùsí.

Wọ́n ní àṣà kan. Kí a tó da kọnkéré níbikíbi, wọn a tẹ́ àwòrán sórí pákó, wọn a pe bíríkìlà, káfíńtà àti àwọn tó ń di irin jọ. Oníkálukú yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí àwòrán ní kí ó ṣe. Ọ̀rọ̀ wọn ni pé ẹnu kì í yí àwòrán padà. Ẹni tó bá fẹ́ àyípadà, kí ó lọ bá ẹni tó yà á, kí onítọ̀hún fọwọ́ sí i. Àwọn òṣìṣẹ́ sọ wọ́n ní Ìyá Fọwọ́-sí-i. Wọ́n ń jẹ́ ẹ. Ọ̀gbẹ́ni Abdulhakeem, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ni fọ́ọ̀mánù bíríkìlà wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí àkókò ìrun bá tó, Màmá ni yóò rán an létí.

Ọmọ Ìjọ Òkúta Ìyè, Ọgbà, ni Màmá láti 1983. Ní 2009, ìjọ pinnu láti kọ́ gálárì, ìyẹn ìjókòó òkè, sínú ilé ìsìn yìí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ wọn, Bàbá Ìjọ Ezekiel Akínmọ́ládùn, ni alága ìgbìmọ̀ ilé kíkọ́. Àwọn ló gbé ìnáwó náà, ní ìrántí ìyá tó bí wọn. Màmá ni wọ́n fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́.

Òpó mẹ́rin ni àwòrán ní kó gbé gálárì náà. Ọ̀kan bọ́ sí iwájú ìjókòó kẹta ní apá ọ̀tún, níbi tí Bàbá Ìjọ máa ń jókòó. Kò dùn mọ́ wọn nínú pé wọ́n á kọ́lé tán, kí wọ́n má rí pẹpẹ mọ́. Ní ọjọ́ kan tí Màmá wà lẹ́nu iṣẹ́ mìíràn ní Dópẹ̀mú, Bàbá Ìjọ ní kí àwọn òṣìṣẹ́ yọ òpó náà. Wọ́n yọ ọ́. Nígbà tí Màmá dé, irin òpó ti wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọjọ́ kejì ni wọn yóò da kọnkéré òkè.

"Abdulhakeem, kí lo kà fún mi lórí pákó?"

"Òpó mẹ́rin ni, Ìyá. Bàbá Ìjọ ló ní ká yọ ọ́. Ilé Ọlọ́run yín, Bàbá yín. Èmi Mùsùlùmí, kí ni n óò wí?"

"Bó bá wó, kò ní béèrè ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni."

Màmá dá iṣẹ́ dúró. Bẹ́ẹ̀ ni a ti pe Bíṣọ́ọ̀bù fún ìyàsímímọ́, ìwé ìpè sì ti lọ káàkiri.

Ẹbí pàdé nílé Bàbá Ìjọ ní Ọmọ́lé. Níwájú gbogbo ènìyàn, Bàbá Ìjọ ní, "Ìyàwó, ṣé òpó lo fẹ́ ni, àbí àbúrò mi?" Ilé rẹ́rìn-ín. Màmá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n kúnlẹ̀.

"Ọkọ mi, ẹ̀yin ni mo fẹ́. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí n kò fi fẹ́ kó wó lù yín. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó yàwòrán fọwọ́ sí i. Bó bá fọwọ́ sí i láàárọ̀, mo ti yọ ọ́ kó tó dọ̀sán."

Ẹni tó yàwòrán kò fọwọ́ sí i. Wọ́n dá òpó padà sáyè rẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù kò ráyè wá mọ́ títí ọdún fi yí. Ìgbìmọ̀ yọ orúkọ Màmá kúrò nínú ìwé ètò ìyàsímímọ́. Bàbá Ìjọ kó lọ jókòó ní apá òsì, wọn kò sì bá Màmá sọ̀rọ̀ mọ́. Oúnjẹ Kérésì tí Màmá gbé lọ sí Ọmọ́lé padà wá bó ṣe lọ. Ó dùn wọ́n. Wọn kò sọ ọ́, ṣùgbọ́n a rí i. Nígbà tí Kérésì mìíràn dé, wọ́n tún gbé e lọ.

Ẹ̀yìn òpó náà ni Màmá wá ń jókòó, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ ibẹ̀. Wọ́n ní etí ni àwọn fi ń gbọ́ ìwàásù.

Ní 2012, ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dun Bàbá Ìjọ. Bí ìjọ bá dìde kọrin, kò sí ohun tí wọn yóò dì mú ní apá òsì. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, láàrin orin, wọ́n rọra kọjá wá sí ìjókòó kẹta. Wọ́n gbé ọwọ́ lé òpó, wọ́n nàró. Wọ́n wo Màmá. "Ìyàwó, sún fún mi." Màmá sún. Kò sí ẹjọ́ mìíràn lẹ́yìn ìyẹn. Ibẹ̀ ni àwọn méjèèjì ń jókòó títí Bàbá Ìjọ fi sùn nínú Olúwa ní 2017.

Bí òpó náà kò bá sí, kí ni ìbá ṣẹlẹ̀? Kò sí ẹni tó mọ̀. Ohun tí a mọ̀ ni pé gálárì dúró.

Ní àdúgbò, Màmá ló ya àwòrán gọ́tà òpópónà wọn, àwọn ló sì dúró ti àwọn tó gbẹ́ ẹ. Omi kì í wọlé níbẹ̀ mọ́.

Wọ́n fẹ̀yìn tì ní 2018. Lẹ́yìn àìsàn ránpẹ́, wọ́n dágbére fún ayé nílé wọn ní Ọgbà, ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 2024. Abdulhakeem ló mọ ibojì wọn. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ó ní kí àwọn ọmọ fọwọ́ sí ìwọ̀n rẹ̀.

Wọ́n fi ọkọ sáyé, Ọ̀gbẹ́ni Joseph Akínmọ́ládùn. Àwọn ọmọ, Olúwaṣẹ́gunfúnmi, Ayọ̀tọ́lá àti Olúwabùsáyọ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ, Ọlámijùlọ, Olúwadémiládé àti Divine. Àti àwọn àbúrò ní Ìkọ̀lé.

Ẹni tí òpó bá dí lójú lónìí tí kò rí pósí, kí ó má bínú. Kí ó gbé ọwọ́ lé e. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni. Kí ó gbójú sókè, kí ó wo iye ènìyàn tó jókòó sí gálárì.

Kí Ọlọ́run, tó mọ ibi tó yẹ kí òpó kọ̀ọ̀kan wà, fún wọn ní àyè tiwọn.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ Fálúyì, sùn re o. Ilé dúró.