Ìyá Gbọ́wọ́-Sókè, Aránṣọ Àwọn Ọkùnrin (1947–2023)

Ọdún 1947 ni a bí ìyá wa, nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tí bàbá wọn ti ń lọ aṣọ. Ìyá wọn ló ń gán bọ́tìnnì tó bá já. Ìyá wa ni àbíkẹ́yìn, àwọn náà ló sì lójú-mìító jù nínú ilé.

Wọ́n parí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1960. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn ní kóòtù rírán. Kóòtù àlòkù ni wọ́n ń rà, wọ́n á tú u palẹ̀, wọ́n á wo bí ó ṣe dúró, wọ́n á sì rán an padà. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tú kọ̀, kò ṣeé rán padà. Wọ́n fi nu ilẹ̀.

Lọ́dún 1970, wọ́n fẹ́ bàbá wa, kápẹ́ńtà tó kan tábìlì ìgéṣọ fún wọn, tó wá ń yọjú wò ó lójoojúmọ́ bí ẹni pé tábìlì náà ń ṣàìsàn.

Kò sí ọkùnrin tó gba aṣọ lọ́wọ́ ìyá wa tí wọn ò ní sọ fún pé, "Gbọ́wọ́ sókè." Ọ̀pọ̀ rò pé bí abẹ́ abíyá kóòtù bá gbòòrò ni apá ń ráàyè. Òdìkejì ni. Bí ibẹ̀ bá sọ̀ kalẹ̀ jù, téèyàn bá gbọ́wọ́, gbogbo kóòtù á bá a gòkè. Bó bá sún mọ́ abíyá dáadáa, ọwọ́ nìkan ló ń lọ, kóòtù á jókòó sílé.

Nítorí ìmọ̀ yìí, ẹgbẹ́ aránṣọ ní kí wọ́n máa yan àkójọ aṣọ ọkùnrin mẹ́ta tó wù wọ́n jù níbi ìfihàn sáà kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún 2008, ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin, àkọ́bí wọn, gbé tirẹ̀ jáde fún ìgbà àkọ́kọ́. Oníṣọ́ọ̀bù ńlá kan ti ṣèlérí pé ẹni tí ìyá wa bá fi ṣe ìkíní lòun máa bá dòwò pọ̀. Àwọn kan ti ń kí tìyátọmọ kú oríire ṣáájú. Àwọn mìíràn ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé, ta ní í fi ọmọ ẹ̀ sílẹ̀ mú tọmọ ọlọ́mọ?

Kóòtù aláwọ̀ eérú tí ẹ̀gbọ́n wa rán ni àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ fún jù. Ìyá wa dìde, wọ́n gun pèpéle, wọ́n dúró níwájú ọ̀dọ́mọkùnrin tó wọ̀ ọ́. "Gbọ́wọ́ sókè, ọmọ mi." Ó gbọ́wọ́. Kọ́là kóòtù gbé etí rẹ̀ mì.

Ìyá wa fi àwọn kóòtù òjò tí obìnrin kan rán ṣe ìkíní, nítorí ojú rírán wọn gun ara wọn débi tí omi kò ríbi gbà. Wọ́n dárúkọ ìkejì àti ìkẹta. Wọn ò dárúkọ ọmọ wọn.

"Ẹ̀yin náà, Màámi?" ni ẹ̀gbọ́n wa wí, ó sì jáde. Ìyá wa ò yí ọ̀rọ̀ padà. Wọn ò sì lè jẹun.

Ọdún méjì ni kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilé. Bàbá wa bẹ ọmọ, wọ́n bẹ ìyá, wọ́n ní àpáta làwọn fẹ́, àpáta làwọn bí. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, ẹ̀gbọ́n wa wọlé tòun ti kóòtù lápá. Ó wọ̀ ọ́ fún bàbá wa. "Bàámi, ẹ gbọ́wọ́ sókè." Bàbá wa gbé méjèèjì. Kóòtù kò mira. Ìyá wa yí wọn po, wọ́n fọwọ́ wá àbùkù kiri.

Ní sáà yẹn, ìyá wa fi ẹ̀gbọ́n wa ṣe ìkejì, wọ́n ní, "Kọ́là ẹni àkọ́kọ́ dára ju tìẹ lọ." Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní kí wọ́n bu oúnjẹ fún òun.

Ìyá wa fẹ́ràn Ọlọ́run. Aṣọ akọrin kan kì í ya kó dọ̀sẹ̀ kejì tí wọn ò ní tíì rán an. Wọ́n kọ́ àwọn opó níṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Wọ́n fi ọkọ, ọmọ mẹ́rin àti ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa ló rán aṣọ táwọn ọkùnrin ilé yìí wọ̀ lónìí. A ti ń jiyàn lórí èyí tó dára jù. Kò sẹ́ni tó máa là wá mọ́.

Ẹ sùn-un re, ìyá wa. Kí ibùsùn yín tutù, kí Ọlọ́run tẹ́wọ́ gbà yín.