Ata Kan Tí Baba Rẹ Fi Pamọ́ fún Ọ

Bizerte,
Oṣù kọkànlá.

Olfa, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Àlàáfíà Ọlọ́run kí ó wà pẹ̀lú ìwọ àti ọkọ rẹ ní Palermo níbẹ̀. Mo nírètí pé ara rẹ ti le, pé ikọ́ tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ lórí fóònù ti lọ. Èmi náà wà, mo dúpẹ́. Orúnkún ṣì ń dùn mí, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló mú mi kọ̀wé. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá ọ sọ, gbogbo ìgbà tí mo bá sì gbé fóònù, ẹkún kì í jẹ́ kí n sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́.

Nígbà tí baba rẹ kú, o ní o ò wálé, pé ọ̀dọ̀ ta lo fẹ́ wá, nígbà tó jẹ́ pé ó bá ọ bínú wọ sàréè. Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn. Olfa, kò rí bẹ́ẹ̀. Baba rẹ ti yọ́nú sí ọ kó tó kú. Jẹ́ kí n rò ó fún ọ.

O mọ̀ pé láti ọjọ́ tí o ti fẹ́ ọkọ rẹ láìjẹ́ pé òun fọwọ́ sí i, kò dárúkọ rẹ nínú ilé yìí mọ́. Odidi ọdún mẹ́rin. Bí mo bá ń bá ọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ńṣe ni yóò bọ́ sí àgbàlá lọ bá àwọn ewébẹ̀ rẹ̀. Àgbàlá tí ẹní méjì kún, ó ti sọ ọ́ di oko: efinrin nínú agolo tòmátò, ewé míǹtì nínú bàsíà tó jò, ata nínú garawa òróró ólífì tó fi ìṣó dá lu nídìí. Bí oòrùn bá ti yí, á máa ti gbogbo wọn tẹ̀lé e, á sì máa bú wọn lọ. "Ìwọ yìí, oúnjẹ nìkan lo mọ̀ ọ́n jẹ, o ò so nǹkan kan!" Inú ilé ìdáná ni mo ti máa ń fi í rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ dákẹ́ báyìí, mi ò sì fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́ náà.

Nígbà tí ooru ń bọ̀, o sọ fún mi pé o gbin ata sínú ike ní fàráńdà yín, pé ewé rẹ̀ ń pọ́n. Mo sọ ọ́ nídìí oúnjẹ, bí ẹni ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Baba rẹ ò gbójú sókè. Ó jẹ búrẹ́dì rẹ̀ títí, ó wá ní: "Ta ló ní kó máa bomi rin ín láràárọ̀? Ata ni àbí ìrẹsì? Sọ fún onítọ̀hún kó fi ìka wo iyẹ̀pẹ̀ kó tó bu omi." Ó kìlọ̀ pé n kò gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó rán mi. Láti ìgbà náà, gbogbo ohun tí mo ń sọ fún ọ nípa ata, ẹnu rẹ̀ ló ti ń wá. Èèpo ẹyin tí mo ní kí o lọ̀ sí i, àfọ́kù àwo tí mo ní kí o tẹ́ sísàlẹ̀ ike, gbogbo rẹ̀. Ìgbà wo lèmi mọ nǹkan kan nípa ewébẹ̀ ju kí n gé e sọ́bẹ̀ lọ?

O sì mọ ata tirẹ̀ yẹn, èyí tó mú wá láti oko ìyá rẹ̀ kí wọ́n tó ta ilẹ̀ náà. Ọdọọdún ló ń fi èyí tó dára jù sílẹ̀ láti fi ṣe irúgbìn. Kò fún ẹnikẹ́ni rí. Saliha aládùúgbò wa bẹ̀ ẹ́ bẹ̀ ẹ́, baba rẹ ní kó lọ ra tọjà. Lọ́jọ́ kan, ó pè mí sí àgbàlá. Ó ti so òwú pupa mọ́ ata kan lọ́rùn, ata ńlá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n. "Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan èyí o. Ti Olfa ni. Tó bá gbẹ, màá yọ kóró rẹ̀, màá fi ránṣẹ́ sí i fúnra mi. Ìwọ má ì sọ fún un." Olfa, ó dárúkọ rẹ! Mo wọ yàrá, mo sunkún ayọ̀.

Kò tíì gbẹ tí baba rẹ fi ṣubú láàárín àwọn agolo rẹ̀, lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́.

Àwọn obìnrin àdúgbò ló ṣe oúnjẹ ọjọ́ kẹta. Wọn ò jẹ́ kí n gbé ṣíbí. Saliha ló se kúskúsì, ata díndín tí wọ́n máa ń tò sórí rẹ̀ ò sì tó, ló bá lọ já ti inú àgbàlá tán. Òun fúnra rẹ̀ ló bu tèmi, ó sì gbé èyí tó tóbi jù lé e lórí. "Jẹun, Ìyá Olfa, nítorí Ọlọ́run, jẹun." Mo jẹ ẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni mo rí òwú pupa nílẹ̀. Mo pe Saliha. Ó ní: "Mo ṣebí torí ojú burúkú aráyé ló ṣe so ó ni. Mo ní ẹni tó ni í ti lọ, kí la tún ń fi í ṣe?" Nígbà tí mo sọ fún un, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń lu àyà. Odidi ni wọ́n din ata náà, pẹ̀lú kóró inú rẹ̀.

Èmi náà ò lè wọ àgbàlá yẹn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Iyẹ̀pẹ̀ inú agolo kò ju ẹ̀kúnwọ́ lọ, oòrùn oṣù kẹjọ kì í sì í fi í ṣeré. Kí n tó gbójú sókè, gbogbo rẹ̀ ti gbẹ.

Saliha wá mú kóró ata ọjà wá, ó ti sá a, ó ti dì í. "Fi ránṣẹ́ sí i, ata ni ata. Ta ni yóò mọ̀?" Mo gbà á. Mo tilẹ̀ ti kọ orúkọ rẹ sí i lára. Ṣùgbọ́n bí mo bá purọ́ fún ọ lórí ata, báwo ni wàá ṣe gba ìyókù gbọ́? Mo dá a padà fún un. Kò sí ẹ̀rí kankan lọ́wọ́ mi, ọmọ mi, àfi ẹnu mi yìí. Baba rẹ yọ́nú sí ọ. Mo gbọ́ ọ létí mi méjèèjì.

Wá sílé nígbà tí o bá lè wá, kí o mú ọkọ rẹ dání. Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ ní àjò, kó fún ọ ní ìfọ̀kànbalẹ̀, kó sì jẹ́ kí n fojú kàn ọ́ kí tèmi náà tó dé.

Èmi ni ìyá rẹ tí ń wọ̀nà fún ọ,
Beya.

Àfikún: O bi mí bóyá ó pè ọ́ nígbà tó ń kú lọ. Kò pe ẹnikẹ́ni, ó ṣubú ni. Ṣùgbọ́n bí o bá ń gbàdúrà fún un, má bẹ̀ ẹ́ mọ́ pé kó dárí jì ọ́. Dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.