Bí Mo Ṣe Pe Ọmọ Ilé Lórúkọ Lórí Òkè Ahoro

Ilé Adérógbà,
Lánlátẹ̀,
Ìbàràpá.
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Ṣẹ́rẹ́, 1974.

Edith, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọdún o, ẹ kú ìyèdún. Báwo ni òtútù Jọ́ọ̀sì? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ikọ́ tí o ní ó ń da àbíkẹ́yìn láàmú ti lọ? Mo ń gbàdúrà fún un. Ara tiwa náà le níbí, àfi orúnkún mi méjèèjì tó bó, ọ̀rọ̀ orúnkún yẹn gan-an ni mo sì fẹ́ sọ fún ọ. Jókòó dáadáa.

O rántí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó lọ kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù, tí mo ń pè ní Lọ́yà nítorí pé ìyàwó ilé kò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀. Ó dé láti Èkó nígbà Kérésì, tòun tìyàwó tọmọ, ó ní àwọn òyìnbó kì í jókòó sílé lásìkò ìsinmi, pé orí òkè ni wọ́n ń kó ẹbí lọ, kí afẹ́fẹ́ tútù lè fẹ́ sí wọn lára. Ó ní kí gbogbo wa, Mùsùlùmí àti Onígbàgbọ́, gun Òkè Ahoro, kí a lọ sùn níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ìrẹ́pọ̀ lè wà. Òkè Ahoro tí àwọn baba ńlá wọn sá gùn nígbà ogun, tí ogun tán, tí wọ́n sáré sọ̀kalẹ̀, tí wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run! Ibẹ̀ ni Lọ́yà ní a ó ti lọ gbádùn. Òun gbé àga aláṣọ rẹ̀ dání, ó gbé giramafóònù. Àwa ìyàwó ru ìkòkò, omi, iṣu àti ẹní, a sì pọn àwọn ọmọ tí kò tíì lè rìn. Bẹ́ẹ̀ ni kálukú ṣe ń sinmi lọ.

Ìyálé mi, ìyàwó Lọ́yà, kò lè bá wa lọ. Oyún inú rẹ̀ ti tó bí, ọsibítù Igbó-Ọrà ni wọ́n dá a dúró sí, wọ́n ní ó jọ pé méjì ni. Kí a tó gbéra, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Yẹ́misí, ọmọ mi rèé. Má mú ojú kúrò lára rẹ̀ o." Ọmọ náà kò tíì pé ọdún mẹ́fà. Ayọ̀délé ni wọ́n sọ ọ́. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ pé mo kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Wọ́n ti bí i kí wọ́n tó gbé mi wọlé, nítorí náà ọkọ mi ni, ìnagijẹ ni mo gbọdọ̀ fi pè é. Ará Èkó ni mo sọ ọ́. Hàlímọ̀, ìyàwó àbúrò ọkọ mi, ń pè é ní Eyínfúnjowó. Rebecca tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ní Jẹ́ńtù ni tòun. Bí a bá ti ń pè é báyìí, á kàn máa wò wá lójú ni. Èkó ni wọ́n ti tọ́ ọ, kò rí irú rẹ̀ rí.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wàhálà dé. Ọyẹ́ mú, kùrukùru bo orí òkè débi pé èmi tí mo ń dáná kò rí ẹni tó ń bẹ iṣu. Àwọn ọkùnrin ti lọ síbi ahoro, wọ́n ń jà lórí ibi tí yàrá baba ńlá kálukú wà. Igi ti hù nínú àwọn yàrá yẹn o, ejò ló ń gbébẹ̀, síbẹ̀ wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fa ara wọn láṣọ ya. Ìyá Tápà, ẹ̀gbọ́n baba ọkọ mi, tó jẹ́ olórí àwọn ọmọbìnrin ilé, kó gbogbo ọmọ ilé tó kù lẹ́yìn lọ láti lọ jẹ́rìí. Ó wá ku àwa ìyàwó mẹ́ta àti àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fẹ́ iná, mo gbójú sókè, n kò rí Ará Èkó mọ́.

Edith, mo fò dìde! Ibi tí a wà yẹn, bí ẹsẹ̀ ọmọdé bá yọ̀, ìsàlẹ̀ pátápátá ni. Mo figbe ta: "Ará Èkó o!" Hàlímọ̀ ní, "Eyínfúnjowó! Eyínfúnjowó mi!" Rebecca ní, "Jẹ́ńtù! Jẹ́ńtù dà?" Kò sẹ́ni tó dáhùn. A di ara wa lọ́wọ́ mú, a ń fi ẹsẹ̀ wá ọ̀nà, a ń pè é ní ọkọ àárọ̀, ọkọ ọ̀sán, gbogbo ohun tó wá sí wa lẹ́nu. Rebecca bú sẹ́kún. Èmi ń rí ìyálé mi lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, tòun tikùn. Hàlímọ̀ ní kí a lọ pe ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti dárúkọ ọmọ náà wá láti ahoro. Mo ní nínú kùrukùru yìí? Kí wọ́n tó parí ìjà yàrá? Orí mi gbóná, mo la ẹnu mi gbàgà.

"Ayọ̀délé! Ayọ̀délé Adérógbà o!"

"Mà!"

Kò jìnnà rárá! Ẹ̀yìn òkúta kan báyìí ló jókòó sí, létí ibi tí òkè ti dá, ó sì ti ń gbọ́ wa látàárọ̀. Mo gbá a mọ́ra, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fún un pa. Mo ní kí ló dé tí kò dáhùn. Ó ní òun ò mọ ọ̀nà mọ́, òun wá jókòó jẹ́ẹ́ kí òun má baà ṣubú, àti pé bàbá òun ti kìlọ̀ fún òun pé ẹni tó bá ń pe òun tí kò mọ orúkọ òun, gbọ́mọgbọ́mọ ni. Ó wá bi mí pẹ̀lú àánú bóyá a ti rí àwọn ọmọ mẹ́ta tó kù. Mo ní àwọn wo? Ó ní Ará Èkó, Eyínfúnjowó àti Jẹ́ńtù.

O rò pé wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi? Ìyá Tápà ti gbọ́ igbe mi láti ahoro. Kí kùrukùru tó ká, ó ti dé. Kò béèrè bóyá ọmọ fara pa. Ó ní, "Ìyàwó wo ló pe ọmọ ilé yìí lórúkọ gbàgàdà, létí àwọn baba wa?" Ni ìpàdé bá bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń jà lórí yàrá fohùn ṣọ̀kan kíá, ìrẹ́pọ̀ tí Lọ́yà ń wá ti dé nìyẹn. Mo wo ọkọ mi, ojú ọ̀run lòun ń wò. Lọ́yà fúnra rẹ̀, ọ̀gá onílàjú, kọ́ ẹsẹ̀ lórí àga aláṣọ, ó ní òfin ni òfin, pé ní Lọ́ńdọ̀nù gan-an wọn kì í ṣàdédé pe ẹni ńlá lórúkọ. Ẹni ńlá tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nu imú fún!

Wọ́n ní kí n mú adìẹ wá, kí n sì kúnlẹ̀ bẹ ọkọ mi kékeré. Mo kúnlẹ̀ sórí òkúta, ibẹ̀ ni orúnkún ti bó. Inú ń bí mi, omi ń bọ́ lójú mi. Ọmọ náà rí àgbàlagbà tó kúnlẹ̀ fún un, ẹ̀rù bà á, òun náà bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àwa méjèèjì wà nílẹ̀ tí à ń bẹ ara wa, àwọn àgbà ń mi orí pé ó dára. Wọ́n wá ṣe ìpinnu, kí irú rẹ̀ má baà ṣẹlẹ̀ mọ́: tó bá dọdún tó ń bọ̀, kí a tó gun òkè, gbogbo ọmọdé gbọdọ̀ ti há ìnagijẹ tí ìyàwó kọ̀ọ̀kan ń pè wọ́n sórí. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ìyálé mi ti bí ìbejì, Ọlọ́run ṣeun, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Àwọn yẹn bá mi nílé, mo lè pè wọ́n bó ṣe wù mí. Ẹ̀gbọ́n wọn nìkan ni ọkọ mi. Mo lọ kí ìyá wọn lánàá ní Igbó-Ọrà, mo sì bá Ìyá Tápà níbẹ̀, ó gbé Táyé sẹ́sẹ̀. Bí mo ṣe wọlé, Ará Èkó sá sẹ́yìn ìlẹ̀kùn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àǹtí, mo ti sọnù o. Ẹ pè mí!"

Mo wo Ìyá Tápà, òun náà wò mí. Ìyálé mi, tó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, di etí aṣọ mi mú.

Mo ní, "Ayọ̀délé!"

Ó ní, "Mà!"

Ìyá Tápà tẹ orí ba, ó ń nu ẹnu Táyé, ẹnu tí kò sí nǹkan kan lára rẹ̀.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu fún mi, kí o pe kálukú wọn lórúkọ. Fèsì kíákíá o.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́ tí orúnkún ń dùn,
Olúwayẹ́misí.