Èsì Màmá Bísí fún Ọkọ Rẹ̀

Ọjọ́bọ̀, ládùúgbò Jójú.

Ọkàn mi kò balẹ̀. Màmá Bísí kọ ìtàn obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ láti fi kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo gbé e sí ojú òpó ayélujára àwa obìnrin òǹkọ̀wé láìfi orúkọ sí i. Lónìí, ọkọ Màmá Bísí kà á, ó sì dá ara rẹ̀ mọ̀ níbẹ̀. Ó ní kí ìyàwó òun yọ ọ́ kúrò, tàbí kí ó kó ẹrù rẹ̀ jáde nílé.

Mo ti ń kọ èsì lórúkọ gbogbo wa nígbà tí Màmá Bísí pè mí: "Ọmọ yunifásítì, ṣé maṣíìnì tìẹ ni wọ́n tà ni? Fi í sílẹ̀ fún mi."

Ìtàn náà ṣì wà níbẹ̀. Màmá Bísí ti fi orúkọ ara rẹ̀ sí i.

Màmá Tópẹ́, ọ̀kan nínú àwa òǹkọ̀wé, kọ sábẹ́ rẹ̀: "Ẹ gbẹ́rù yín máa bọ̀ nílé mi ní Ìjù. Maṣíìnì mi ń dúró dè yín."