Ọ̀yà inú àpótí sẹ́lò

Bàbá Doyin, ẹ má wá wa kiri, èmi àti Doyin ti lọ sí Ìkẹ́rẹ́, níbi tí kọ́áyà ti máa kọrin Kérésì lónìí. Hẹn, ẹ̀yin lẹ fi ọ̀yà tí ò tíì gbẹ pamọ́ sínú àpótí sẹ́lò, gòjé òyìnbó ńlá ọmọ yìí, àbí? Ẹ má purọ́, fìlà oko yín lẹ fi wé e. Torí kí àwọn àbúrò yín tó ti Èkó dé má baà jẹ níbẹ̀! Ahun burúkú wo nìyẹn?

Bí Doyin ṣe ṣí i láàárọ̀, ìdin ń rìn lórí okùn sẹ́lò. Mo bì. Ẹ rí mi lára gan-an ni. Ọmọ tó ti ń fi oṣù mẹ́ta kọ́ orin Kérésì wá ń sunkún pé òun ò lọ mọ́, pé kọ́áyà á fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Mo nu sẹ́lò títí, òórùn ò lọ. Mo ṣáà fa ọmọ àti sẹ́lò wọ ọkọ̀.

Ọ̀yà wà láàtàn, ẹ má lọ hú u o! Ẹ pa àkùkọ yẹn fún àwọn ará ulé yín, kẹ́ ẹ wẹ̀, kẹ́ ẹ máa bọ̀. Aago mẹ́rin ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀. Mo máa gba àga sílẹ̀ fún yín níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sẹ́lò gan-an.

Ẹ ò sì gbọdọ̀ di imú.